Agbára Inú Oúnjẹ Adìẹ: Ìtumọ̀, Ìwọ̀n àti Ìlò Rẹ̀ ní Port Harcourt

Agbára inú oúnjẹ adìẹ ni ìwọ̀n ohun tí adìẹ lè fà yọ láti inú oúnjẹ tí ó jẹ, tí ó fi ń mí, tí ó fi ń rìn, tí ó fi ń mú ara rẹ̀ gbóná, tí ó fi ń dàgbà, tí ó sì fi ń yé ẹyin. Kì í ṣe èròjà kan tí a lè fi ọwọ́ bù bí iyọ̀. Inú sítáàṣì, inú ọ̀rá àti inú purotéènì ni ó ń gbé, ìgbà tí ara bá sì tú àwọn èròjà wọ̀nyí palẹ̀ ni ó tó hàn. Nínú gbogbo ohun tí ọlọ́sìn adìẹ ń ná owó lé lórí, oúnjẹ ni ó ń kó apá tí ó pọ̀ jù; ó sábà máa ń tó ìdá 60 sí 70 nínú 100 owó tí ń jáde. Nínú owó oúnjẹ náà ẹ̀wẹ̀, àwọn ohun tí a ń torí agbára rà, pàápàá àgbàdo, ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá ṣi agbára rà ti pàdánù kí adìẹ rẹ̀ tó yé ẹyin àkọ́kọ́.

Port Harcourt, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Rivers, jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti rọrùn láti rí kedere. Ọ̀nà jíjìn, láti apá Àríwá àti Àárín Gbùngbùn Nàìjíríà, ni ọkọ̀ àjàgbé ti ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú àgbàdo gbígbẹ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ wá. Òjò ń rọ̀ ní ìlú náà ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú oṣù inú ọdún, àròpọ̀ rẹ̀ sì ń ju mìlímítà 2,000 lọ lọ́dọọdún. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbóná, ó sì kún fún ọ̀rinrin. Ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́ pọ̀ ní ilẹ̀ tí ó yí i ká. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ó ń yí iye agbára tí adìẹ ń rí gbà padà. Nítorí náà, nọ́ńbà tí ìwé kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àgbàdo tàbí ti ẹ̀gẹ́ dà bí àdéhùn láàárín ẹni mẹ́ta: ohun tí ó wà nínú àpò, adìẹ tí ó jẹ ẹ́, àti ibi tí ó ti jẹ ẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yí padà, nọ́ńbà náà kò dúró mọ́.

Orúkọ àti òṣùwọ̀n

Ọ̀rọ̀ náà "agbára" ti wà lẹ́nu Yorùbá kí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gbà á lò. Nígbà tí àgbẹ̀ bá sọ pé iyán dúró nínú ju ẹ̀kọ mímu lọ, ìyàtọ̀ tí ó ń fà yọ kò jìnnà sí èyí tí onímọ̀ oúnjẹ ẹran ń ṣe. Ibi tí ọ̀nà wọn ti pín ni pé àgbẹ̀ ń fi bí ikùn ti pẹ́ tó kí ebi tó tún pa á wọn oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ háhá àgbàdo pẹ̀lú lè kún ikùn kí ó sì pẹ́ níbẹ̀. Adìẹ tí ó jẹ háhá yó lè máa rù.

Kálórì ni òṣùwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Kìlókálórì kan ni ooru tí ó lè mú kí omi kìlógíráàmù kan gbóná sí i ní ìwọ̀n kan lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀pọ̀ ìwé tí ó ti ilẹ̀ Yúróòpù wá ń lo megajoule dípò rẹ̀. Kìlókálórì kan jẹ́ kilojoule 4.184, nítorí náà àgbàdo tí ó ní kìlókálórì 3,350 nínú kìlógíráàmù kan ni ìwé mìíràn yóò kọ pé ó ní megajoule 14. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ṣọ́ òṣùwọ̀n yìí yóò rò pé oúnjẹ méjì ni wọ́n ń sọ.

Ohun tí iná rí àti ohun tí adìẹ rí

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti mọ agbára inú nǹkan ni kí a sun ún. Nínú yàrá àyẹ̀wò, wọ́n a di ìwọ̀nba oúnjẹ gbígbẹ sínú ìkòkò irin tí ó kún fún afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, wọn a ri ìkòkò náà sínú omi, wọn a sì fi iná mànàmáná tan oúnjẹ náà. Bí omi náà ti gbóná tó ni yóò sọ iye agbára tí ó jáde. Èyí ni a pè ní agbára àpapọ̀. Gíráàmù sítáàṣì kan ń mú nǹkan bí kìlókálórì 4.2 jáde, ti purotéènì jẹ́ bí 5.6, ti ọ̀rá sì jẹ́ bí 9.4. Ìdí nìyí tí ọ̀rá fi ju ìlọ́po méjì sítáàṣì lọ nínú gbogbo ìṣirò tí yóò tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n iná kì í ṣe adìẹ. Àgbàdo ní agbára àpapọ̀ tí ó tó kìlókálórì 3,900 nínú kìlógíráàmù kan. Pàǹtí ekùrọ́ tí a ti fún àdín inú rẹ̀ kúrò, èyí tí gbogbo ọlọ́sìn mọ̀ sí PKC, lè tó 4,500. Èéfọ́ igi láti àwọn ilé ìlagi etí omi ní Diobu pàápàá kò kéré sí àgbàdo nínú ìkòkò irin náà. Bí ó bá jẹ́ iná ni adájọ́, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti san owó ọkọ̀ àgbàdo wá sí Port Harcourt. Kí wọ́n kàn máa gbọ́n èéfọ́ igi sínú àpò ni. Síbẹ̀, adìẹ tí a bá fún ní èéfọ́ igi yóò kú sórí oúnjẹ.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú adìẹ ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Òwe Yorùbá kan sọ pé adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, síbẹ̀ ó ní òun kò ní eyín. Ìráhùn ni òwe náà ń bá wí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa adìẹ tí ó wà nínú rẹ̀ péye: òkúta wẹ́wẹ́ tí ó wọ inú iwe ni ó ń ṣe iṣẹ́ eyín, ibẹ̀ ni ẹran líle iwe ti ń lọ ọkà náà kúnná. Lẹ́yìn èyí ni omi adóúnjẹ inú ìfun yóò tú sítáàṣì sí ṣúgà, tí yóò sì tú ọ̀rá àti purotéènì palẹ̀. Kò sí omi adóúnjẹ kan nínú adìẹ tí ó lè tú igi palẹ̀. Màlúù àti ewúrẹ́ ní kòkòrò tín-ín-tín lọ́pọ̀ yanturu nínú àpòlúkù wọn tí ń bá wọn ṣe é. Ti inú ìfun adìẹ kò tó nǹkan, oúnjẹ kì í sì í pẹ́ nínú rẹ̀ ju wákàtí díẹ̀ lọ. Ohun tí kò bá dà yóò bá ìgbẹ́ jáde pẹ̀lú gbogbo agbára inú rẹ̀.

Ìgbẹ́ adìẹ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ihò kan ṣoṣo ni adìẹ ń gbà yà ìgbẹ́ tí ó sì ń gbà tọ̀. Funfun tí a ń rí lórí ìgbẹ́ rẹ̀ ni yúríìkì ásíìdì, ohun tí ó ṣẹ́kù nígbà tí ara bá tú purotéènì palẹ̀. Nítorí pé ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ń jáde pọ̀, àwọn onímọ̀ kì í yọ wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n a yọ agbára tí ó wà nínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kúrò nínú agbára oúnjẹ tí adìẹ jẹ. Èyí tí ó kù ni agbára àmúlò. Òun ni nọ́ńbà tí gbogbo ìwé oúnjẹ adìẹ ń tọ́ka sí. Ká ní adìẹ jẹ gíráàmù 100 oúnjẹ tí agbára àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlókálórì 390, tí ìgbẹ́ rẹ̀ gbígbẹ jẹ́ gíráàmù 30 tí ó ní kìlókálórì 108. Kìlókálórì 282 ni ó rí lò, ìyẹn 2,820 nínú kìlógíráàmù oúnjẹ kan.

Gbogbo agbára àmúlò kọ́ ni ó ń di ẹyin tàbí ẹran. Iṣẹ́ jíjẹ àti dídà oúnjẹ fúnra rẹ̀ ń mú ooru wá, ooru náà a sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Ohun tí ó kù lẹ́yìn ooru yìí ni agbára àṣẹ́kù. Purotéènì ni ó ń mú ooru ìdà-oúnjẹ wá jù, ọ̀rá ni ó ń mú èyí tí ó kéré jù wá. Níbi tí ilẹ̀ ti tutù, ooru yẹn wúlò fún adìẹ. Ní Port Harcourt, ẹrù ni.

Bí ìmọ̀ náà ti dé ibi tí ó wà

Àwọn tí ó kọ́kọ́ fẹ́ wọn agbára oúnjẹ adìẹ fẹ́ fò lọ tààrà sórí agbára àṣẹ́kù. Láàárín ọdún 1930 sí 1950, G. S. Fraps ní Texas ń pa òròmọdìẹ kí ó lè mọ iye ọ̀rá àti purotéènì tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan fi kún ara wọn. Iṣẹ́ náà le, àbájáde rẹ̀ sì ń yàtọ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Ní 1958, F. W. Hill àti D. L. Anderson ní Yunifásítì Cornell fi ọ̀nà Fraps wé agbára àmúlò, wọ́n sì fi hàn pé agbára àmúlò ni ó dúró déédéé jù. Àwọn ni wọ́n tún mú àtúnṣe nitrogen wọlé. Adìẹ tí ń dàgbà ń fi nitrogen pamọ́ sínú ẹran ara rẹ̀, èyí tí ì bá ti bá yúríìkì ásíìdì jáde. Kí a má baà ka ìfipamọ́ náà sí ohun rere inú oúnjẹ, a ń yọ kìlókálórì 8.22 fún gíráàmù nitrogen kọ̀ọ̀kan tí ó dúró sára.

I. R. Sibbald ní Kánádà gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ ní 1976. Ó kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà nínú ìgbẹ́ ni ó ti inú oúnjẹ wá. Ara adìẹ pàápàá ń bó awọ ìfun, ó sì ń da omi ara sílẹ̀. Ó fi ebi pa àwọn àkùkọ tí ó ti gbó, ó fi ọ̀pá ti oúnjẹ tí ó ti wọ̀n sí wọn lọ́fun, ó sì fi àwọn tí kò jẹ nǹkan kan ṣe òdiwọ̀n ohun tí ara ń dà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ yá, àmọ́ ẹ̀fẹ́kẹ̀fẹ́ ibẹ̀ ni pé àkùkọ àgbà ni ó ń sọ̀rọ̀ fún òròmọdìẹ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, tí kò tíì lè da ọ̀rá dáadáa.

Ní Nàìjíríà, V. A. Oyenuga ti Yunifásítì Ìbàdàn ni orúkọ tí kò ṣeé fò. Ìwé rẹ̀ lórí oúnjẹ ènìyàn àti ti ẹran ní Nàìjíríà, tí ẹ̀dà kẹta rẹ̀ jáde ní 1968, kó èròjà inú iṣu, ẹ̀gẹ́, ọkà bàbà, ekùrọ́ àti ọ̀pọ̀ koríko ilẹ̀ yìí jọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà máa fi nọ́ńbà ilẹ̀ òkèèrè ṣírò oúnjẹ ilé. Ní Ìbàdàn bákan náà ni O. O. Tewe ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ fún ẹran ọ̀sìn àti lórí májèlé sáyánáìdì inú rẹ̀. Ní 1980, J. M. Olomu àti S. A. Offiong tẹ àbájáde ìwádìí wọn lórí adìẹ ẹlẹ́ran ní ilẹ̀ olóoru jáde, wọ́n sì gba purotéènì ìdá 23 nínú 100 pẹ̀lú kìlókálórì 2,800 sí 3,000 nímọ̀ràn fún òròmọdìẹ. Ìwé ìtọ́sọ́nà ti Amẹ́ríkà tí ó jáde ní 1994 fi 3,200 ṣe òdiwọ̀n fún irú adìẹ kan náà. Ìyàtọ̀ yìí kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan ṣi ìṣirò. Ilẹ̀ tí àgbàdo ti pọ̀ tí ó sì pọ́ọ́kú ni nọ́ńbà Amẹ́ríkà ti wá, ìwé náà kò sì sọ ọ́ di òfin.

Ìṣirò orí ìwé àti àṣìṣe tí ó fara sin

Ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò kò ní ìkòkò irin, wọn kò sì ní àyè láti gba ìgbẹ́ adìẹ jọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nítorí náà wọ́n ń lo ìlànà ìṣirò. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà ni ti Pauzenga, tí ó jáde ní 1985: a ó fi 37 ṣe ìlọ́po ìdá purotéènì, a ó fi 81.8 ṣe ìlọ́po ìdá ọ̀rá, a ó fi 35.5 ṣe ìlọ́po ìdá àwọn èròjà oníṣúgà àti onísítáàṣì tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a ti yọ omi, eérú, purotéènì, ọ̀rá àti háhá kúrò nínú 100. A ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Fún àgbàdo tí ó ní purotéènì 8.5, ọ̀rá 3.8 àti àṣẹ́kù onísítáàṣì 72.2, ìlànà yìí yóò fún wa ní 3,188. Tábìlì Amẹ́ríkà sọ pé 3,350. Wọ́n sún mọ́ra tó láti fi ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá lò ó fún PKC tí ó ní purotéènì 18, ọ̀rá 8 àti àṣẹ́kù 45. Ìdáhùn rẹ̀ ni 2,918. Ọlọ́sìn tí ó bá gba nọ́ńbà yìí gbọ́ yóò rò pé PKC fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àgbàdo, yóò sì dà á sínú oúnjẹ lọ́pọ̀. Adìẹ rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí takò ó. Ìlànà náà gbà pé ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn yíyọ háhá kúrò jẹ́ sítáàṣì àti ṣúgà. Nínú àgbàdo, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ekùrọ́, mannan ni ó pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yà ògiri ara ekùrọ́ tí adìẹ kò ní omi adóúnjẹ tí ó lè tú u. Bí a bá wọn ọ́n lára adìẹ fúnra rẹ̀, agbára àmúlò PKC sábà máa ń wà ní nǹkan bí 2,000, nígbà mìíràn ó kéré jù bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan náà tún ń bo oríṣiríṣi nǹkan: èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ àdín rẹ̀ ṣì ní ọ̀rá díẹ̀ nínú, èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà fọ àdín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan tí ó kù, èyí tí èèpo líle sì pọ̀ nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èéfọ́ igi ti ìṣáájú. Ní Ìpínlẹ̀ Rivers, níbi tí oko ọ̀pẹ ńláńlá wà ní Ubima àti Elele láti ìgbà Risonpalm, PKC kì í jìnnà sí ẹni tí ń po oúnjẹ. Níbẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ìṣirò yìí ti lè ba nǹkan jẹ́ jù.

Omi inú àgbàdo

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé nọ́ńbà 3,350 jẹ́ ti àgbàdo tí omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 12 nínú 100. Omi kò ní agbára kankan. Bí àgbàdo kan náà bá fa ọ̀rinrin títí omi inú rẹ̀ fi di ìdá 18, ohun gbígbẹ inú rẹ̀ ti dín láti 88 sí 82, agbára àmúlò rẹ̀ yóò sì wálẹ̀ sí 3,122. Nínú àpò kìlógíráàmù 100, kìlókálórì 22,800 ti sọnù. Adìẹ ẹlẹ́yin kan, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní léyà, ń fẹ́ nǹkan bí 300 lójúmọ́. Oúnjẹ òòjọ́ adìẹ 76 ni ó ti di omi nínú àpò kan, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n àpò náà pé lórí òṣùwọ̀n, owó rẹ̀ sì pé.

Ohun tí èyí ń ṣe sí oúnjẹ tí a ti pò ni a lè rí nínú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ọlọ́sìn po oúnjẹ léyà kìlógíráàmù 100: àgbàdo 50, sóyà tí a ti fún òróró rẹ̀ 18, PKC 10, èèrí àlìkámà 10, òkúta ẹfun lílọ̀ 8, egungun lílọ̀ 2.5, epo pupa 1, iyọ̀ 0.25 àti àpòpọ̀ fítámì 0.25. Àgbàdo mú kìlókálórì 167,500 wá. Sóyà, tí a kà sí 2,230, mú 40,140. PKC mú 20,000. Èèrí àlìkámà, tí a kà sí 1,300, mú 13,000. Epo pupa, kìlógíráàmù kan péré, mú nǹkan bí 8,000. Òkúta ẹfun kò mú agbára wá rárá, àmọ́ láìsí i èèpo ẹyin yóò fúyẹ́. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 248,640, ìyẹn 2,486 nínú kìlógíráàmù kan. Bí àgbàdo inú rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ó tutù, yóò di 2,372.

Adìẹ a máa gbìyànjú láti jẹ títí agbára tí ó nílò yóò fi pé. Oúnjẹ àkọ́kọ́ yóò gba gíráàmù 121 lójúmọ́. Ìkejì yóò gba 126 ó lé díẹ̀. Gíráàmù mẹ́fà kò pọ̀ lójú. Lọ́wọ́ ẹni tí ó ní adìẹ 1,000, kìlógíráàmù 174 ni lóṣù, bí àpò méje oníkìlógíráàmù 25. Èyí sì jẹ́ bí ohun gbogbo bá lọ dáadáa, nítorí àgbàdo tí omi rẹ̀ kọjá ìdá 13 tàbí 14 kì í pẹ́ kí ó tó bu. Olú tí ó bu sí i ń jẹ ọ̀rá inú rẹ̀, àwọn kan nínú wọn a sì máa fi aflatoxin sílẹ̀, májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ adìẹ jẹ́ tí kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rá dà dáadáa mọ́. Oòrùn kò tó láti tún un sá ní oṣù Keje; ẹni tí ó bá ra àgbàdo tútù ní àkókò náà ní láti tètè lò ó ni.

Ooru, epo àti purotéènì

Adìẹ kì í làágùn. Ara rẹ̀ gbóná tó ìwọ̀n 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti kọjá 30, ọ̀nà tí ó fi ń tú ooru dànù ni kí ó ya ẹnu kí ó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀nà kejì tí ó mọ̀ ni pé kí ó dín oúnjẹ kù, kí ooru ìdà-oúnjẹ lè dín kù. Ibí yìí ni ìlànà "adìẹ yóò jẹ títí yóò fi pé" ti ń yẹ̀. Léyà tí ó yẹ kí ó jẹ gíráàmù 126 lè dúró ní 105 lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Port Harcourt, ẹyin ni yóò sì san gbèsè náà. Ẹyin kan tí ó wọn gíráàmù 60 ní nǹkan bí kìlókálórì 90 nínú, ìtọ́jú ara nìkan sì ń gba ju ìdajì agbára òòjọ́ lọ. Ara ni adìẹ kọ́kọ́ ń tọ́jú.

Epo pupa wúlò níbí ju bí owó rẹ̀ ti fi hàn lọ. Ó kó agbára púpọ̀ jọ sínú ìwọ̀nba díẹ̀, ooru ìdà rẹ̀ kéré, ó sì ń pa eruku oúnjẹ. Ìdá méjì tàbí mẹ́ta nínú 100 tó. Àmọ́ ẹni tí ó bá gbé agbára sókè gbọ́dọ̀ gbé purotéènì sókè pẹ̀lú rẹ̀. Oúnjẹ tí ó ní purotéènì ìdá 16.5 àti kìlókálórì 2,600 yóò fún léyà ní gíráàmù purotéènì 19 lójúmọ́, nítorí gíráàmù 115 ni yóò jẹ. Bí epo bá gbé agbára náà dé 2,900 tí purotéènì sì dúró sí 16.5, gíráàmù 103 ni yóò jẹ, purotéènì rẹ̀ yóò sì dín sí 17. Ẹyin rẹ̀ yóò kéré sí i, ọlọ́sìn yóò sì máa bú epo.

Ẹ̀gẹ́ ní irú ìṣòro yìí ní ọ̀nà mìíràn. Bí ó bá gbẹ dáadáa, agbára rẹ̀ lè ju 3,000 lọ, ó sì sún mọ́ àgbàdo. Ṣùgbọ́n purotéènì inú rẹ̀ kì í ju ìdá 2 sí 3 lọ. Kìlógíráàmù ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá rọ́pò àgbàdo ń béèrè sóyà sí i, owó sóyà náà sì lè jẹ gbogbo èrè tí a rí. Sáyánáìdì inú rẹ̀ ń fẹ́ oòrùn tàbí ooru iná kí ó tó dín kù, eruku rẹ̀ sì ń há adìẹ lẹ́nu bí kò bá sí epo.

Ohun mìíràn tí ìlú náà ní ni àfọ́kù núùdù. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ń ṣe núùdù wà ní Choba, ní àdúgbò kan náà pẹ̀lú Yunifásítì Port Harcourt, àwọn tí ń po oúnjẹ adìẹ káàkiri Nàìjíríà sì mọ àfọ́kù núùdù bí ohun tí a lè fi dín àgbàdo kù. Nítorí pé inú epo ni wọ́n ti dín in, ọ̀rá rẹ̀ lè tó ìdá 17, ìyókù rẹ̀ sì jẹ́ sítáàṣì tí ó ti jinná. Níbí, ìlànà Pauzenga ṣeé gbára lé, ó sì ń fúnni ní nǹkan bí 4,000. Iyọ̀ inú rẹ̀ ni kí a ṣọ́: ẹni tí ó bá lò ó gbọ́dọ̀ dín iyọ̀ tí ó ń bù sí oúnjẹ kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ adìẹ yóò máa mu omi, ilẹ̀ ilé rẹ̀ yóò sì máa rin.

Iye tí agbára ń jẹ

Ní ọjà, ìwọ̀n ni a ń tà. Agbára ni ó yẹ kí a máa rà. Ọ̀nà tí a fi ń fi ohun méjì wéra ni kí a pín owó kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbára àmúlò rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ta àgbàdo gbígbẹ ní náírà 100, náírà 93 ni ó yẹ kí àgbàdo oní-ìdá 18 jẹ́, kí a tó ka ewu bíbu mọ́ ọn. PKC tí a ń rà fún agbára nìkan kò yẹ kí ó ju náírà 60 lọ. Ohun tí ó bá lé lórí ìyẹn, purotéènì inú rẹ̀ ni a ń san owó rẹ̀, sóyà ni ó sì yẹ kí a fi wé e.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tí ń wọn omi inú àgbàdo lè lo ìgò àti iyọ̀. A ó bu ọkà náà sínú ìgò gbígbẹ tí ó ní ìdérí, a ó da iyọ̀ tí ó gbẹ dáadáa sí i, a ó dé e, a ó sì mì í fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo náà ti ju ìdá 15 lọ. Bí iyọ̀ bá bọ́ sílẹ̀ tí ara ìgò sì mọ́, ó gbẹ tó láti kó sí àká. Ní àkókò òjò ní Port Harcourt, inú ààrò tàbí oòrùn ọjọ́ tí ó là ni a ti ń kọ́kọ́ gbẹ iyọ̀ náà, nítorí iyọ̀ inú ilé pàápàá ti máa ń tutù kí a tó bẹ̀rẹ̀.